Ìlà Níwájú Ilẹ̀kùn Aláìlórúkọ

Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí ewé igi ń wọ́ sílẹ̀ ní Yokohama, àgbàlagbà mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà kékeré tó wà láàárín àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì ní àwọn kò rìn mọ́. Tadokoro, olùdarí ìrìn Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀-Kò-Gbélé, kó sí ọ̀nà tóóró kan láti wá oúnjẹ fún wọn. Nagumo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nítorí Ìyáàfin Isozaki, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ní kí ó lọ ṣe ẹlẹ́rìí.

"Nagumo, gbé ẹsẹ̀ ńlẹ̀! Ibi tí mò ń mú ọ lọ yìí, kò sí nínú ìwé kankan."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi mẹ́rin lẹ ti mú wa dé láti àárọ̀, kò sí èyí tó wà nínú ìwé nínú wọn. Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí."

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni."

Tadokoro dúró, ó yí padà, àsíá pélébé aláwọ̀ ìyeyè tó fi ń darí wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀pá àṣẹ. Ọdún méjì ló fi ṣáájú Nagumo wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ náà gan-an ti wó, ṣùgbọ́n ọdún méjì yẹn kò tíì tán.

"Ṣé ògiri tí mo kọ́kọ́ fi hàn yín ni kò sí nǹkan?"

"Ògiri ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ìdí ògiri yẹn ni àbúrò bàbá mi àgbà ti jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀!"

"Ẹran náà dà?"

"Ó ti jẹ ẹ́ tán, àbí kí lo rò?"

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ìyáàfin Isozaki fi orúnkún tó ń dùn ún rìn fún ogún ìṣẹ́jú, kó lè lọ wo ibi tí ẹnìkan ti jẹun tán."

"Kànga ńkọ́?"

"Wọ́n ti dí i."

"Dídí tí wọ́n dí i yẹn gan-an ni ìtàn!"

"Garawa ìdọ̀tí mẹ́ta ló jókòó lé ìtàn náà lórí. Ọ̀kan ti ń jò."

Nagumo kò bínú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ló fi ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí nílé iṣẹ́ yẹn, kò sì sí bóòtù irin kan tó jáde tí kò mọ ibi tó gbà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ tó so mọ́ ìgbànú.

"Ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo jẹun kẹ́yìn, ìrẹsì àwo kan pẹ̀lú ẹja àná. Ìrẹsì yẹn ti tán lára mi láti ibi kànga."

"Oúnjẹ, oúnjẹ, oúnjẹ! Ṣé o gbọ́ ohun tí Isozaki sọ lójú gbogbo ayé?"

"Gbogbo wa la gbọ́. Ó ní bí ìdajì wákàtí bá pé tí ẹ kò bá tíì rí ibi tí a ó ti jẹun, tó sì jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bí ẹ ti ṣèlérí, àwọn á wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé, wọ́n á sì yan olùdarí mìíràn."

"Ta ni wọ́n fẹ́ yàn?"

Nagumo tún wo aago rẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè! Ta ni?"

"Wọ́n ní èmi ni."

"Ìwọ? Ìwọ Nagumo? Ìwọ tí o kò mọ ọ̀nà kankan ju ọ̀nà ilé rẹ lọ?"

"Òun náà ni mo fi ń délé, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà gún Tadokoro. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹlẹ́ran-ara tó ń pè é ní ọ̀gá mọ́, àyàfi àwọn méje yìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí òjò kò bá rọ̀. Nagumo ní tirẹ̀ kò fẹ́ ipò náà rárá. Olùdarí ni í fi fóònù pe gbogbo ènìyàn ní alẹ́ tó ṣáájú. Òun ni í gbé àpò oògùn. Òun ni í ka orí wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òun náà ni wọ́n á sì bú bí oòrùn bá mú. Nagumo ti ro ó síwá, ó ti ro ó sẹ́yìn: kò pé. Ohun tó ń wá ni kí ẹnu òun máa jẹ nǹkan.

Ọ̀nà tóóró náà yọ díẹ̀ sí òpópó. Lábẹ́ fìtílà pupa, ọkùnrin kan ṣí ìdérí agbọ̀n, èéfín funfun olóòórùn ẹran bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nikuman. Ìyẹ̀fun rẹ̀ wú, ẹran kún inú rẹ̀, ẹyọ kan ẹgbẹ̀ta yẹ́ẹ̀nì. Ẹ jẹ́ ká ra mẹ́jọ, ká ru ú lọ bá wọn, kí ọ̀rọ̀ parí."

"Àlejò ló ń jẹ ìyẹn."

"Àwa ńkọ́? Ọmọ ta ni wá níbí?"

"Aṣàwárí ni wá."

"Ṣé aṣàwárí kì í jẹun ni?"

"Ó ń jẹun. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ti ń jẹ ẹ́."

"Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ibẹ̀, ta ló wá ń se é?"

Tadokoro ti já sí ọ̀nà mìíràn tó tóóró ju ti àkọ́kọ́ lọ, Nagumo sì tẹ̀ lé e, ó ń bojú wẹ̀yìn wo nikuman bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lójijì ni Tadokoro gbé àsíá sókè.

"Dúró! Gbọ́ òórùn."

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti àárọ̀, ẹnu ni ò tíì bá a pàdé."

"Èyí yàtọ̀. Atalẹ̀ nìyí. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ nìyí. Àlùbọ́sà eléwé ló gbẹ̀yìn yẹn. Nagumo, ẹni tó ń se ọbẹ̀ yìí ti ń se é fún ogójì ọdún."

"Imú yín ló ka ogójì ọdún?"

"Imú mi kì í purọ́. Wo iwájú rẹ. Kí lo rí?"

Ilẹ̀kùn irin kan ló wà níwájú wọn, ọ̀dà àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ ń ṣí bí awọ ejò. Gáàsì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan fara ti gáàsì, ẹnìkan sì sá ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́ náà. Láti ojú ihò kékeré kan lókè ni òórùn ọbẹ̀ ti ń bọ̀.

"Ilẹ̀kùn," ni Nagumo wí.

"Kí lo ò rí?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ìkẹrin."

"Pátákó! Kò sí pátákó, kò sí fìtílà, kò sí àwòrán ẹja tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ni àwọn àgbà máa ń wí? Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹni yìí ti fọwọ́ bo tirẹ̀!"

"Bó bá ti fọwọ́ bò ó jẹ, ẹ̀gbọ́n, kí ló kù fún àwa?"

"Òmùgọ̀ ni ẹ́. Ilé oúnjẹ tó ń fi ara pamọ́ ni ilé oúnjẹ gidi."

"Ilé tèmi náà kò ní pátákó. Kò sí ẹni tó wá jẹun níbẹ̀ rí."

"Ìyẹn ti ọwọ́ ìyàwó rẹ ni."

"Èmi ni mò ń sè, ẹ̀gbọ́n."

"Èyí tó burú jù nìyẹn."

Nagumo na ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn. Tadokoro fi àsíá gbá a lọ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ béèrè bóyá wọ́n ń ta oúnjẹ."

"Kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé àjèjì ni wá? A kì í kan irú ilẹ̀kùn báyìí. Ṣe ni èèyàn máa ń dúró. Ẹni tó ń sè á mọ̀ pé o ti dé."

"Báwo ló ṣe máa mọ̀?"

"Ó máa mọ̀."

"Bí kò bá mọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò tíì jinná nìyẹn. Fara mọ́ ògiri, jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rí ọ̀nà kọjá."

Nagumo fara mọ́ ògiri. Nítorí ọ̀nà kò fẹ̀, ẹ̀yìn Tadokoro ló dúró sí, ìgbésẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ń kọjá lọ. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo àgbàlagbà méjì tó dúró tí kò sọ̀rọ̀, wọ́n wo ara wọn. Wọn kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n lọ dúró sẹ́yìn Nagumo, ìgbésẹ̀ kan péré.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Má sọ̀rọ̀."

"Àwọn kan ti dúró lẹ́yìn mi."

"Mélòó?"

"Méjì. Rárá o, márùn-ún. Obìnrin mẹ́ta tó ń jẹ yìnyín aládùn náà ti dé."

Tadokoro yọ orí wò. Ojú rẹ̀ tàn bí iná ilé ìtura.

"Ṣé mo wí?"

"Kí lẹ wí?"

"Ìlà, Nagumo! Ìlà ló wà níwájú ilẹ̀kùn yìí! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ ní ìlú yìí, ǹjẹ́ o rí ìlà níwájú oúnjẹ burúkú rí?"

"Àwa la bẹ̀rẹ̀ ìlà náà."

"A ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. A ṣáájú nínú ẹ̀ ni."

"Kí ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń dúró dè?"

"Ohun tí àwa ń dúró dè."

"Kí wá ni àwa ń dúró dè?"

"Ìbéèrè òmùgọ̀! Ẹni méje ló ń dúró dè é, ìwọ wá ń béèrè pé kí ni."

"Mọ́kànlá ni wọ́n báyìí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́ ni. Àńjọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ nìkan la ò tíì rí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yí padà, kí n sọ fún wọn pé a ò mọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́! Wọ́n á ní, ẹ wo bàbá olójúkòkòrò yìí, ó fẹ́ kí ìlà dínkù kó lè dá jẹ ẹ́."

Nagumo ro ó. Òótọ́ ni. Bí òun bá wà lẹ́yìn, tí arúgbó tó wà níwájú yí padà pé kò sí nǹkan níbí, ṣe lòun á sún mọ́ ọn sí i.

Obìnrin kan tó dé fìlà ràgàjì tọ́ ọ léjìká, ó tẹríba, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nagumo náà tẹríba, ó yíjú sí Tadokoro.

"Ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń tà."

"Sọ fún un pé kò sí ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí. Ohun tí ẹni tó wà nínú ilé bá sè nìkan ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé gbogbo ènìyàn."

"Sọ fún un!"

Nagumo sọ fún un bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi ẹyọ kan kún un, nítorí kò fẹ́ kí irọ́ kankan ti ẹnu òun jáde. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó yí sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ bí garawa omi níbi tí ilé ti ń jó. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi padà dé, ó sì ti sanra.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹni ọgọ́rin ọdún ló ń sè nínú ilé."

"Ọgọ́rin!"

"Wọ́n ní ènìyàn méjìlá péré ló ń bọ́ lóòjọ́. Wọ́n ní bí ojú ènìyàn kò bá wù ú, kò ní ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ẹni kẹtàdínlógún lórí ìlà."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ẹni kẹrìndínlógún. Bí ẹ bá ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bọ̀ báyìí, inú ẹnu yín lẹ máa bá a."

Ṣùgbọ́n Tadokoro kò gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ó ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fi itọ́ tẹ́ irun ojú rẹ̀ kí ojú òun lè wu ẹni ọgọ́rin ọdún.

"Ogójì ọdún ni imú mi kà. Kò tilẹ̀ kà á tó. Méjìlá lóòjọ́! Ìwọ dá a rò, ká ní a ti dúró ra nikuman ni!"

"Mo ń dá a rò. Mo ń dá a rò gidigidi."

Tadokoro yọ fóònù, ó pariwo sínú rẹ̀ kí ìlà lè gbọ́.

"Ìyáàfin Isozaki! Tadokoro ni. Ẹ wọ bàtà yín! … Mo ti rí i. … Kò sí nínú ìwé, kò tilẹ̀ ní orúkọ! … Ẹ yà lẹ́yìn ilé ìtàwé tó ti kógbá, ẹ máa rí ìlà. … Rárá o, iwájú kọ́! Ẹ lọ tò lẹ́yìn. … Ẹ̀yìn pátápátá. … Ṣé kí n wá já ìlà fún yín, kí wọ́n lè fi wá ṣẹ̀sín?"

Ó ti fóònù bọ àpò. Nagumo ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí arúgbó mẹ́fà tó ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn wá dúró sẹ́yìn ènìyàn mọ́kàndínlógún?"

"Ìlà ni ìlà."

"Bó bá wá jẹ́ òótọ́ pé ènìyàn méjìlá ló ń bọ́, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò ní fojú kan ìrẹsì."

"Wọn ò ní jẹ ẹ́."

"Ìgbà tí wọn ò ní jẹ ẹ́, kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe?"

"Wọ́n á rí i pé mo rí i."

Nagumo wo ìlà náà. Ó ti yí kọ́nà. Ẹnìkan ti gbé ọmọ sórí ejìká kó lè rí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹlòmíràn wá síwájú, ó tọrọ gáfárà, ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn, ó sáré padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́kọ́ dé ń ṣàlàyé fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé àwọn àgbà tó wà níwájú yẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń wá.

Lókèèrè, láti kọ́nà, ìró ìpàtẹ́wọ́ dún. Ìyáàfin Isozaki ló na ọwọ́ sókè láti ìdí ìlà, ó wọ bàtà kan sẹ́sẹ̀, ó ń fi èkejì lu àtẹ́lẹwọ́.

"Ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi," ni Tadokoro wí, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù, ẹ̀gbọ́n."

"Ìlà ti dáhùn fún mi."

"Oúnjẹ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá, wọn ò ní kẹ́ ẹ wá ìlà. Ìyáàfin Isozaki sì ní ẹnu mi lòun máa ti gbọ́ ọ."

Tadokoro rọra ká àsíá rẹ̀.

"Nagumo. Kí lo máa sọ fún un?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ o."

"Ẹ kọ́ mi ní ibi tí ọ̀gá kò ti lè rí wa bí a bá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn àwọn páìpù ńlá, lábẹ́ àtẹ̀gùn."

"Ṣé kò wúlò ni?"

"Ó wúlò. Nínú gbogbo ibi ìkọ̀kọ̀ tẹ́ ẹ ti fi hàn mí láti ogójì ọdún, òun nìkan ló ní àǹfààní."

"Ó dáa, dá tìyẹn mọ̀ fún mi. Bí wọ́n bá gba àsíá yìí lọ́wọ́ mi, Nagumo, ọjọ́ Sátidé á gùn o."

Nagumo la ẹnu láti fèsì. Lójú ẹsẹ̀ náà, òórùn ọbẹ̀ dáwọ́ dúró. Ìdábùú irin kan ró gbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìlà sì nà ró láti iwájú títí dé kọ́nà, bí okùn tí wọ́n fà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ṣáínà kékeré kan jáde, sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀, épírọ́ọ̀nù lọ́rùn, apẹ̀rẹ̀ ọjà lọ́wọ́. Tadokoro tẹríba títí irun rẹ̀ fi kan gáàsì, ó na ìka méjì sókè: àwa méjì. Ìyá náà wo ìka méjì. Ó wo Nagumo. Ó wo ìlà, ó sì na ọrùn títí ó fi rí kọ́nà, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó ká ìbọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú apẹ̀rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fi èjìká dán an wò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀gbẹ́ ìlà lọ, kíákíá, bí ẹni tí ojú ń kán kí wọ́n má bàa tò ṣáájú òun. Ìyá náà ti pẹ́ ní ìlú yìí, ó mọ̀ pé ibi tí ìlà bá wà, nǹkan rere wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Nagumo wí. "Ó ti tò."

"Ta ló tò?"

"Ìyá yẹn. Ẹ̀yìn Ìyáàfin Isozaki ló dúró sí. Ó ti ń tẹríba fún un."

Tadokoro gbé orí sókè láti ibi gáàsì. Àsíá rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀.

"Ará Ṣáínà ni àbí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ará àdúgbò yìí gan-an?"

"Kò lè jùyẹn lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Nagumo! Kí ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún yín láti ọdún yìí wá? Ibi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá ti ń jẹun, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà!"

"Inú ibẹ̀ ló ti jáde."

"Ṣé o rí nǹkan? Ó wà nínú ilé, ó gbọ́ òórùn náà, kò lè mú un mọ́ra!"

"Òórùn náà ti tán. Òun ló pa iná."

"Ó pa iná tirẹ̀ kó lè wá jẹ tibí."

"Ibí ni tirẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yìí, òun ló ni ín! Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn!"

Tadokoro yí padà, ó wo ilẹ̀kùn tó ti tì náà. Nagumo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n omi ló lé ròrò sójú ọkùnrin náà.

"Kí onílé fúnra rẹ̀ ti ilé rẹ̀ pa, kó lọ tò sẹ́yìn. Báwo ni oúnjẹ náà á ṣe dùn tó, Nagumo?"

Fóònù Nagumo dún. Ìdajì wákàtí ti pé géérégé.

"Òun ni," ni Tadokoro wí, ó di ọwọ́ Nagumo mú. "Ẹlẹ́rìí, fọhùn."

Nagumo wo fóònù. Bó bá sọ òtítọ́, láti òní lọ, àpò oògùn di tirẹ̀, ìpè alẹ́ di tirẹ̀, orí méje di tirẹ̀ láti máa kà, Tadokoro á sì máa rìn lẹ́yìn rẹ̀ lóṣooṣù, á máa tún ọ̀nà tó bá gbà ṣe. Bó bá sì purọ́, ìrọ̀lẹ́ á bá wọn nídìí ilẹ̀kùn tó ti tì. Ó gbé fóònù sétí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyáàfin Isozaki. … Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ẹlẹ́rìí ni. … Ẹ fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú ìlérí wọn ṣẹ. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ fẹ́ ilé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Èyí tí wọ́n rí yìí, ìyá tó ń gbé inú rẹ̀ gan-an kò tíì mọ̀ pé ó wà. Ẹ yí padà, ẹ kí wọn. Àwọn ló dúró sẹ́yìn yín yẹn."